Ìwé wo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣí? Ìfiwéra àwọn àkọsílẹ̀ fún wíwá orírun ìdílé ní páríṣì ìgbèríko ilẹ̀ Áyálándì

Ẹni tó bá ń wá àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ìgbèríko ilẹ̀ Áyálándì máa bá ìṣòro méjì pàdé kó tó rìn jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkànìyàn tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ti jóná, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló pa á run. Ìyẹn nìkan kọ́, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Nínú páríṣì kan ṣoṣo, Patrick Kelly lè tó mẹ́fà, kí ìyàwó mẹ́ta nínú wọn sì máa jẹ́ Mary. Àṣà ìsọmọlórúkọ wọn ló fà á. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ a máa jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì a máa jẹ́ orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ a máa jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Bí bàbá kan tó ń jẹ́ Patrick bá bí ọmọkùnrin mẹ́rin, tí àwọn náà sì gbéyàwó, Patrick mẹ́rin mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tán nìyẹn, ọjọ́ orí wọn á sì sún mọ́ra.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi iye orúkọ tó wà nínú ìwé kan díwọ̀n ìwúlò rẹ̀. Ohun tí mò ń bi ìwé kọ̀ọ̀kan ni pé: ṣé ó so ẹni yìí mọ́ ilẹ̀ kan pàtó? Ìwé tó bá fi hàn pé Patrick Kelly tí à ń wá ni ti abúlé báyìí, kì í ṣe ti òdìkejì odò, òun ló lè gbé wa dé ìran tó ṣáájú. Ìwọ̀n yẹn ni mo fi wọn gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Ará County Roscommon ni ọkọ mi. Àwọn ọmọ wa mọ oríkì orílẹ̀ bàbá mi, wọ́n sì lè kà á síni létí. Ó wù mí kí wọ́n lè dárúkọ baba ńlá wọn ti ìhà ọ̀hún náà, kí wọ́n sì mọ ilẹ̀ tó ro. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Dublin, ní Cork àti ní London ló ti di àna ará Áyálándì bíi tèmi. Àwọn ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kí ẹ tó yan ìwé kankan

Ìpín ilẹ̀ tó kéré jù lọ tó ní orúkọ ní Áyálándì ni townland. Ó lé ní 60,000 irú rẹ̀ káàkiri county 32. Òmíràn ò ju oko ìdílé mẹ́ta lọ, òmíràn sì gba ilé ọgọ́ta. Townland wà lábẹ́ páríṣì, páríṣì wà lábẹ́ county. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé irú páríṣì méjì ló wà: ti ìjọba, tó tó 2,500, àti ti Kátólíìkì, tí ààlà rẹ̀ kò bá ti ìjọba dọ́gba, tí orúkọ rẹ̀ sì lè yàtọ̀ pátápátá. Ìwé ilẹ̀ ń lo páríṣì ìjọba. Ìwé ìsàmì ń lo páríṣì fadá. Ìwé ìbí àti ikú kò lo ọ̀kan nínú méjèèjì, agbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ àwọn aláìní láti 1838 ni wọ́n tẹ̀ lé.

Bí ẹ bá ti ní orúkọ townland lọ́wọ́, ẹ lọ sí logainm.ie, ìkànnì orúkọ ibi gbogbo ní Áyálándì. Ó máa sọ páríṣì tó wà fún yín, á sì fi orúkọ rẹ̀ ní èdè ìbílẹ̀ hàn. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn orúkọ tí wọ́n yí padà ní àsìkò ìjà òmìnira: County Offaly ni King's County inú ìwé àtijọ́, Laois sì ni Queen's County. Èbúté Cobh tí ọ̀pọ̀ èrò Amẹ́ríkà ti wọkọ̀, Queenstown ni wọ́n ń pè é títí di 1920.

Ìkànìyàn tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba?

Méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà owó kọ́ ló máa pín wọn níyà. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìkànìyàn 1901 àti ti 1911 nìkan ló ṣẹ́ kù lódidi nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ti 1821 dé 1851 wà ní ilé ìkówèésí ìjọba ní Four Courts, Dublin, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Okúdù 1922, ilé náà bú gbàù, iná sì jó ìwé tí wọ́n ti kọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ti 1861 àti 1871 kò tiẹ̀ débẹ̀ rárá, ìjọba ti pa wọ́n run lẹ́yìn tí wọ́n ka iye èèyàn tán. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n láti fi ṣe bébà mìíràn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọn ò ṣe ti 1921 rárá torí ogun òmìnira. Ti 1926 ló tẹ̀ lé e. Òfin ní kí ó wà ní títì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, oṣù Igbe 2026 sì ni ọdún yẹn pé.

Ohun tí ìkànìyàn fi gbayì ni pé ó kó gbogbo ilé jọ sórí ìwé kan: baálé, ìyàwó, ọmọ, ìyá àgbà, ọmọ ọ̀dọ̀. Ó sọ ẹ̀sìn wọn, ó sọ bóyá wọ́n mọ̀wé, ó sì sọ bóyá wọ́n ń sọ èdè Áyálándì. Ní 1911, wọ́n bi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní ọdún tó ti lò níbẹ̀, iye ọmọ tó bí láàyè, àti iye tó ṣẹ́ kù. Ẹ má fojú kéré àlàfo kékeré yẹn. Bí ìyá kan bá kọ mẹ́jọ sí ìkíní, tó kọ márùn-ún sí ìkejì, ẹ ti mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wá lọ sínú ìwé ikú.

Fọ́ọ̀mù mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣí, tí mo sì fẹ́ràn jù: èyí tí ọlọ́pàá tó ń kàn wọ́n fi kọ bí ilé ṣe rí. Ọlọ́pàá náà dúró níwájú ilé, ó wo ògiri bóyá òkúta ni tàbí amọ̀, ó wo òrùlé bóyá koríko ló bò ó, ó ka fèrèsé tó wà níwájú, ó ka yàrá, ó sì kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé dúró lé. Lórí fọ́ọ̀mù kejì ló ti ka ilé màlúù, ilé ẹlẹ́dẹ̀ àti ilé adìyẹ. Orúkọ onílẹ̀ yẹn máa wúlò níwájú.

Àléébù ìkànìyàn kò ju ọjọ́ orí lọ, ṣùgbọ́n ó burú. Ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 52 ní 1901 lè di ẹni 70 ní 1911. Owó ìfẹ̀yìntì arúgbó ló fà á. Òfin rẹ̀ jáde ní 1908, sísan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1909, ẹni tó bá pé 70 ló sì máa gbà á. Ní ìgbèríko, ọ̀pọ̀ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ẹni tó sì mọ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó gbàgbé. Ọjọ́ orí inú ìkànìyàn 1901 ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ti 1911 lọ. Ibi tí wọ́n bí èèyàn sí náà, county nìkan ni ìwé yìí sọ, kò sọ townland.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ìjọba yàtọ̀. Ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì bẹ̀rẹ̀ ní 1845, ìbí, ikú àti ìgbéyàwó gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1864. Lórí irishgenealogy.ie, ẹ máa rí àwòrán ojú ìwé gan-an: ìbí tó ti lé ní 100 ọdún, ìgbéyàwó tó ti lé ní 75, ikú tó ti lé ní 50. Ìwé ìbí ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sọ townland tí wọ́n bí ọmọ sí, orúkọ bàbá àti iṣẹ́ rẹ̀, àti orúkọ ìdílé tí ìyá ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń tú àwọn Patrick Kelly ká. Ìyàwó wọn lè jẹ́ Mary lápapọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan á jẹ́ Mary Beirne, èkejì á jẹ́ Mary Hanly.

Ìwé ìgbéyàwó ń sọ orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, kì í sọ ti ìyá. Ìwé ikú kì í dárúkọ òbí rárá, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí rẹ̀ àfi bí ẹ bá ti mọ townland. Ẹ wá wo orúkọ ẹni tó wá sọ ọ̀rọ̀ ikú náà fún akọ̀wé. Ọmọ, àna tàbí aládùúgbò ló máa ń jẹ́.

Bí mo bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìkànìyàn 1901 ni, pàápàá bí ẹ bá mọ orúkọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tàbí mẹ́ta. Orúkọ kan lè jọ ti ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ilé méjì ní Bridget, Michael, Winifred àti Luke tẹ̀ léra wọn bákan náà. Ẹ mú townland tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sínú ìwé ìbí.

Ìwé ìjọba tàbí ìwé ìjọ?

Fún ohunkóhun tó bá ti ṣáájú 1864, ìjọba kò ní ìwé ìbí kankan láti fi hàn yín. Ìwé ìjọ nìkan ló kù, ẹ̀sìn ìdílé ló sì máa pinnu èyí tí ẹ máa ṣí.

Ẹ wo ti Barack Obama. Ìyá rẹ̀, Ann Dunham, ní baba ńlá kan tó ń jẹ́ Falmouth Kearney, ọmọ ṣúmẹ́kà ní Moneygall, abúlé kékeré kan ní County Offaly. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1850. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ìwé tí a ti sọ. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìkànìyàn 1841 tó yẹ kó bá a nílé ti jóná. Ìdílé rẹ̀ kì í ṣe Kátólíìkì, ọmọ Church of Ireland ni wọ́n, ìyẹn Áńgílíkà ilẹ̀ náà. Ìwé ìjọ yẹn gan-an ló sì jẹ ìyà jù ní 1922, torí òfin 1876 ti sọ ìwé wọn di ti ìjọba, ọ̀pọ̀ páríṣì sì ti kó tiwọn lọ sí Four Courts. Ó lé ní ìdajì gbogbo wọn tó jóná. Ti páríṣì Templeharry, tí Moneygall wà lábẹ́ rẹ̀, ò sí lára wọn. Àdúgbò ló wà. Ní 2007, àlùfáà ìjọ náà, Stephen Neill, ṣí ìwé àtijọ́ ibẹ̀, ó sì bá ìdílé Kearney nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ẹ̀bìbí 2011, Obama àti ìyàwó rẹ̀ wá sí Moneygall fúnra wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí "Church of Ireland" lórí fọ́ọ̀mù 1901, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìwé páríṣì náà yè. Ilé ìkàwé ìjọ náà ní Dublin ní àkójọ èyí tó yè àti èyí tó jóná, páríṣì kọ̀ọ̀kan. Ó dára kí èèyàn mọ̀ ní ọjọ́ kìíní ju kó máa wá ohun tó ti di eérú lọ.

Àwọn Kátólíìkì ló pọ̀ jù ní ìgbèríko, ìwé tiwọn sì yè, torí ọwọ́ fadá ló wà. Ohun tó ń díni lọ́wọ́ níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlú ńlá apá ìlà-oòrùn ní ìwé láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òṣì ti pọ̀, tí òfin àtijọ́ sì ti fún ìjọ náà lọ́rùn pẹ́, ọ̀pọ̀ páríṣì kò ní ìwé kankan ṣáájú ọdún 1820 sí 1850. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọdún tí ìwé páríṣì yín bẹ̀rẹ̀.

Ìlà kan nínú ìwé ìsàmì lè rí báyìí: *Jacobum, f. l. Thomae Kelly et Brigidae Beirne. Sp. Joannes Beirne, Honora Kelly.* Èdè Látìn ni. Ohun tó sọ ni pé wọ́n ṣe ìsàmì fún James, ọmọ tí Thomas Kelly àti Bridget Beirne bí nínú ìgbéyàwó, àti pé John Beirne àti Honora Kelly ló ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹ má fò orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ni ọ̀kan, ti bàbá ni èkejì. Ẹ to ìsàmì gbogbo ọmọ ilé kan jọ, ẹ kọ orúkọ onígbọ̀wọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ẹbí ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ìwé. Fadá kan á kọ townland sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, òmíràn ò ní kọ ọ́. Bí ó bá kọ ọ́, ìwé yẹn ju ti ìjọba lọ lójú tèmi.

Ọjọ́ ìsàmì àti ọjọ́ ìbí ti ìjọba lè ta kora. Ẹ máa rí ọmọ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún ní ọjọ́ 3, tí ìwé ìjọba ní wọ́n bí ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà. Ìtanràn wà fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, bàbá tó ń gbé oko tó jìn á wulẹ̀ sún ọjọ́ ìbí síwájú. Ẹ gba ti fadá gbọ́. Ní ti ìgbéyàwó, páríṣì ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kì í ṣe ti ọkọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí oṣù Èrèlé, ṣáájú Lẹ́ńtì. Bí ẹ ò bá rí ìgbéyàwó ní páríṣì ọkọ, ẹ kọjá sí páríṣì tó bá a pààlà.

Àwòrán ọ̀fẹ́ tàbí àdàkọ olówó?

National Library of Ireland gbé àwòrán ìwé ìjọ Kátólíìkì jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Agẹmọ 2015, ní registers.nli.ie. Ó lé ní 370,000 àwòrán, láti páríṣì tó lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró ní 1880. Kò sí ibi tí ẹ máa tẹ orúkọ sí. Ojú ìwé lẹ máa ṣí níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣí ìwé fúnra rẹ̀. Láti fíìmù tí wọ́n yà ní ọdún 1950 sí 1960 ló ti wá, tàdáwà tó ti ṣá sì ń bẹ níbẹ̀.

RootsIreland.ie ni ti àwọn ilé ìtàn county, owó ni wọ́n ń gbà. Àdàkọ ni wọ́n fún yín, kì í ṣe àwòrán. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹ lè fi orúkọ bàbá àti ìyá nìkan wá a, gbogbo ọmọ wọn á sì jáde pa pọ̀. Ó tún kọjá 1880 ní ọ̀pọ̀ páríṣì, ó sì ní ìwé àwọn ìjọ mìíràn níbi tí wọ́n bá ti rí i. Ọmọ ibẹ̀ ló dà á kọ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó mọ orúkọ ìdílé àti townland àyíká. Ìyẹn ṣe pàtàkì. Findmypast àti Ancestry, ìkànnì ìwádìí ìdílé méjì mìíràn, náà ní atọ́ka fún àwòrán National Library láti 2016, ṣùgbọ́n mo ti rí orúkọ townland tí wọ́n kà sí orúkọ ìdílé níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ san owó oṣù kan ṣoṣo fún RootsIreland lẹ́yìn tí ẹ bá ti to ohun tí ẹ ń wá jọ tán, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo sílẹ̀, ẹ lo oṣù yẹn dáadáa, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀ padà sí registers.nli.ie, kí ẹ sì ka ìlà náà fúnra yín. Àdàkọ kò lè rọ́pò ojú ìwé. Ẹni tó dà á kọ lè ka Hanly sí Hanley, kó fò onígbọ̀wọ́ kan, tàbí kó má rí ọ̀rọ̀ kékeré tí fadá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọmọ náà gbéyàwó ní New York lẹ́yìn ọdún 25.

Bí ìdílé bá jẹ́ ti County Kerry, ẹ fi owó yín sápò. Ìwé ìjọ Kátólíìkì ibẹ̀ wà lórí irishgenealogy.ie lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣe é wá pẹ̀lú orúkọ.

Ìwé ilẹ̀ mẹ́ta: Griffith, ìdámẹ́wàá, àti ìwé onílẹ̀

Níbi tí ìwé ìjọ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́, ilẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn baba ńlá ìgbèríko. Wọn kì í ṣe onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó kì í gbàgbé orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ìdíyelé ilẹ̀ tí Richard Griffith darí, tó jáde láti 1847 sí 1864. Townland kan lẹ́yìn òmíràn, ó kọ orúkọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀, àti iye tó tó. Lórí askaboutireland.ie, ó ní àwòrán ilẹ̀, nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ sì bá nọ́ńbà orí àwòrán mu. Ẹ lè fi ìka tọ́ ilẹ̀ tí baba ńlá yín ro. Kò dárúkọ ìyàwó, kò dárúkọ ọmọ, kò sì sọ ọjọ́ orí. Síbẹ̀, níbi tí Patrick Kelly méjì bá wà ní townland kan, Griffith a máa fi orúkọ bàbá tàbí àwọ̀ irun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Patrick Kelly ti Michael, Patrick Kelly Pupa. Orúkọ táwọn aládùúgbò fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn, bíi àlàjẹ́ tiwa, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa lò ó fún ìdílé náà títí dòní.

Ohun tó tún mú Griffith ṣe pàtàkì ni pé wọn ò pa á tì. Wọ́n ń tún un ṣe: bí onílé bá kú tàbí tó lọ, wọ́n á fa igi sórí orúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sókè, tàdáwà àwọ̀ mìíràn ni wọ́n á sì lò fún ọdún mìíràn. Fún county 26 ti ìjọba olómìnira, àwọn ìwé ìtúnṣe náà wà ní Dublin, lọ́dọ̀ Tailte Éireann, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Fún county mẹ́fà ti àríwá, PRONI, ilé ìkówèésí ìjọba àríwá, ní Belfast ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ilẹ̀ kan láti 1850-sí-60 dé 1930 báyìí, ẹ ti rí ìran mẹ́ta láìṣí ìwé ìbí kankan.

Ìwé ìdámẹ́wàá ló ṣáájú rẹ̀, láti 1823 sí 1837. Gbogbo ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló ń san owó yìí fún Church of Ireland, àti Kátólíìkì pàápàá, ìbínú tó sì ti ibẹ̀ wá dá ìjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Orúkọ, townland, ìwọ̀n ilẹ̀ àti iye owó náà nìkan ló máa fún yín, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ilé ìkówèésí orílẹ̀-èdè. Kò sí ará ìlú ńlá nínú rẹ̀, kò sí alágbàṣe tí kò ní ilẹ̀. Ẹ lò ó láti mọ bóyá orúkọ ìdílé yín ti wà ní townland náà ṣáájú Ìyàn Ńlá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàn Ńlá ọdún 1845 sí 1852 ló dá àlàfo tó wà láàárín ìwé méjèèjì sílẹ̀. Pòtétò jẹrà lóko, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìwé 1830 lè má sí nínú Griffith mọ́, gbogbo ilé rẹ̀ sì lè ti parẹ́. Ibí yìí ni ìwé àwọn onílẹ̀ ti ń ju ti ìjọba lọ. Ní Strokestown, ní Roscommon, Denis Mahon tó ni ilẹ̀ náà san owó ọkọ̀ fún èèyàn 1,490 ní oṣù Ẹ̀bìbí 1847 kí wọ́n lè kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Dublin, nǹkan bíi kìlómítà 165, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Liverpool, láti ibẹ̀ dé Quebec. Ọ̀pọ̀ kú lójú ọ̀nà. Ní oṣù Belu ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa Mahon. Orúkọ àwọn tí wọ́n lé lọ wà lákọsílẹ̀, ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn, nínú ìwé ilé rẹ̀, ilé náà sì ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé Ìyàn Ńlá. Kò sí ìwé ìjọba kankan tó sọ irú èyí nípa wọn.

Orúkọ onílẹ̀ tí ẹ rí nínú Griffith ni kí ẹ fi wá ìwé onílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yè, kò sì rọrùn bíi kí èèyàn tẹ orúkọ sórí kọ̀ǹpútà: ẹ lè ní láti lọ jókòó ní National Library ní Dublin. Ó tọ́ sí ìrìn àjò. Màá fi í ṣáájú ìdámẹ́wàá nígbàkigbà.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ owó arúgbó 1909. Àwọn tó ń béèrè fún un ní láti fi ọjọ́ orí hàn, wọn ò sì ní ìwé ìbí, torí wọ́n ti bí wọn ṣáájú 1864. Àwọn akọ̀wé bá ń lọ sínú ìkànìyàn 1841 àti 1851 ní Dublin láti wá wọn. Arúgbó á kọ orúkọ òbí rẹ̀ àti townland tí wọ́n ń gbé nígbà tó wà lọ́mọdé sórí fọ́ọ̀mù, akọ̀wé á kọ ohun tó bá rí sí i. Ìkànìyàn ti jóná, fọ́ọ̀mù náà wà, lọ́fẹ̀ẹ́, ní National Archives. Bí baba ńlá tàbí ìyá ńlá yín bá tó 70 láàárín 1909 sí 1921, ẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ pé "a ò rí i," orúkọ òbí àti townland ti wà lórí fọ́ọ̀mù, láti ẹnu ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún iná náà pé, ní oṣù Okúdù 2022, Virtual Record Treasury náà ti ṣí. Wọ́n ń kó ẹ̀dà ìwé tó jóná jọ láti ibi gbogbo tí wọ́n bá ti rí i. Fún ìgbèríko, ó ṣì dà bí ọ̀rọ̀ oríire. Ẹ tẹ orúkọ páríṣì yín síbẹ̀, bí ẹ ò bá rí nǹkan, ẹ kọjá.

DNA tàbí ẹnu àwọn àgbà?

Àyẹ̀wò DNA ń fi ìbátan hàn, kì í fi townland hàn. Ó wúlò fún ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn, ní ìgbèríko tí ìdílé ti ń fẹ́ra wọn láti ìgbà pípẹ́, gbogbo èèyàn á di ìbátan gbogbo èèyàn. Mo gbà á níyànjú fún ìdí kan: ìbátan kan ní Amẹ́ríkà lè ní lẹ́tà tàbí òkúta ibojì tó dárúkọ townland tí àwọn ará ilé ti gbàgbé. Ẹ kọ̀wé sí wọn.

Ti ẹnu àgbà, ìwé wà fún un. Láti 1937 sí 1939, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó tó 5,000 ilé-ìwé ní county 26 lọ bá àwọn àgbà àdúgbò wọn, wọ́n kọ ìtàn wọn sílẹ̀: ìyàn, oògùn ìbílẹ̀, orúkọ oko, ẹni tí onílẹ̀ lé jáde. Gbogbo rẹ̀ wà lórí dúchas.ie lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́wọ́ ìkọ̀wé àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Ẹni tó sọ ìtàn sábà máa ń ní orúkọ, ọjọ́ orí àti townland lábẹ́ rẹ̀. Àgbà ọmọ ọdún 80 tó ń sọ̀rọ̀ ní 1938 ni a bí ní 1858, ẹnu àwọn tó la Ìyàn Ńlá já ló sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ má fi orúkọ ìdílé wá a níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ ilé-ìwé tó sún mọ́ townland yín jù wá a, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ.